Ilẹ̀ Bàbá Mi Ni, Kí Ló Dé Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí N Fi Ṣe Ilé Búrẹ́dì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Bàbá mi fi ilé alájà kan sílẹ̀ fún mi ní òpópónà inú kan ní Sùúrùlérè. Mo fẹ́ sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilé búrẹ́dì. Mo ti ra ààrò, àwọn bíríkìlà sì ti ń wó ògiri láti sọ yàrá méjì di ọ̀kan, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri, tí wọ́n sì fún mi ní ìwé pé àdúgbò ibùgbé ni àdúgbò wa. Bẹ́ẹ̀ ilé tó kọ ẹ̀yìn sí tiwa, tó dojú kọ títì ńlá, báǹkì ni wọ́n fi ṣe. Ta ló pín ilẹ̀ yìí, kí ni wọ́n wò kí wọ́n tó pín in, kí sì ni mo lè ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Kí n tó dé orí ààrò yín, ó yẹ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ohun tí a lè fi ilẹ̀ náà ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìwé ogún, ìwé rírà tàbí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ló ń jẹ́rìí sí èkíní. Ètò ìlú ló ń pinnu èkejì. Kódà bí ẹ bá ka C of O dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n sábà máa ń kọ irú ìlò tí wọ́n torí rẹ̀ fúnni ní ilẹ̀ náà sínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ṣe nǹkan mìíràn láìgbàṣẹ ti yẹ àdéhùn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ láti pín ilẹ̀ ìlú sí ẹkùn-ẹkùn, bíi ẹkùn ibùgbé àti ẹkùn ìṣòwò. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ló fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 2003, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀. Òfin ètò ìlú ti ọdún 2010 ni Èkó ń tẹ̀ lé, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tó ti wọ inú rẹ̀. Àjọ ìpínlẹ̀ Èkó méjì ló ń bójú tó o. LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. LASBCA ló ń yẹ ilé wò, tó sì ń fúnni ní ìwé ìkìlọ̀. Ẹ wo orí ìwé tí wọ́n fún yín kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó dá lóhùn.

Sùúrùlérè ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ń jà ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1920, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ètò ìlú ní 1928, wọ́n sì dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú tò. Ní 1955, ètò láti wó àwọn ilé tó há mọ́ra ní àárín Erékùṣù Èkó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n sì kó kúrò níbẹ̀, Sùúrùlérè ni wọ́n kó wọn lọ, níbi tí àjọ náà ti wọn ilẹ̀, tí wọ́n la òpópónà, tí wọ́n sì ti yan ibi tí ilé gbígbé àti ṣọ́ọ̀bù yóò wà. LEDB wọ inú LSDPC, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ilé àti ilẹ̀, ní 1972, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí ilé bàbá yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ wá ìwé náà jáde kí agbẹjọ́rò kà á fún yín, nítorí ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ilé gbígbé nìkan ni kí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe.

Ẹ bèèrè ohun tí àwa elétò ìlú máa ń wò. Ẹsẹ̀ rínrìn ni iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ yóò lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn yóò kọ ohun tí wọ́n ń fi ilé kọ̀ọ̀kan ṣe, iye àjà rẹ̀, ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ. A ó wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, bóyá iyanrìn ni tàbí àbàtà, àti ibi tí omi òjò ń gbà. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣírò iye ènìyàn tó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gbé níbẹ̀ ní àwọn ọdún tó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ pàápàá ní tirẹ̀ nínú ìṣirò náà. Ní Èkó, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá jùlọ láàárín ọdún. Bí a bá gbé iléeṣẹ́ tó ń rú èéfín sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn, inú yàrá wọn ni èéfín náà yóò máa wọ̀ lójoojúmọ́.

Ibi tí ìlà ààlà yóò gbà ló máa ń gba àròjinlẹ̀ jùlọ, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ báǹkì wà. A fẹ́ràn kí ìlà gba ipa odò, ojú irin tàbí ẹ̀yìn ọgbà àwọn ilé. Bí a bá fà á gba àárín òpópónà kékeré, ilé méjì tó kọjú síra yóò bọ́ sí ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọmọ ń sùn ní apá kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké ní apá kejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ẹ̀yìn ọgbà, àwọn tó dojú kọ títì ńlá yóò jọ wà nínú ẹkùn ìṣòwò, àwọn tó kọ ẹ̀yìn sí wọn yóò sì jọ wà nínú ẹkùn ibùgbé. Ó ṣeé ṣe gan-an pé ìgànná tó wà láàárín ẹ̀yin àti báǹkì yẹn ni ààlà ẹkùn méjèèjì. Títì bíi Adéníran Ògúnsànyà fẹ̀ tó láti gba ọkọ̀ àwọn oníbàárà. Òpópónà inú kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹkùn kan náà, òfin tún ń sọ bí a ó ṣe lo pílọ́ọ̀tì. Ká ní pílọ́ọ̀tì kan fẹ̀ ní mítà 18, ó sì gùn ní mítà 36, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 648. Bí ìlànà bá ní kí a fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú àti mítà 3 sílẹ̀ ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibi tó kù láti kọ́lé sí fẹ̀ ní mítà 12, ó sì gùn ní mítà 27, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 324, ìdajì ilẹ̀ náà géérégé. Ó máa ń dun onílẹ̀ pé ìdajì ilẹ̀ òun ṣòfò. Kò ṣòfò rárá, mà. Ibẹ̀ ni omi òjò ń rì sí, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni àwọn panápaná yóò gbà dé ẹ̀yìnkùlé bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìlà kan ṣoṣo kì í tó, a sì máa ń fi ilẹ̀ aláàbò sí àárín. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sára àwọn ogún àgbáyé ní 2005, hẹ́kítà 75 ni igbó gan-an, wọ́n sì ya hẹ́kítà 47 sọ́tọ̀ yí i ká kí ilé má baà há a mọ́.

Mi ò ní fi pamọ́ fún yín pé wọ́n ti fi irú ìlà yìí rẹ́ ènìyàn jẹ rí. Ní ayé amúnisìn, pàápàá lẹ́yìn òfin ìlú ti 1917, àwọn òyìnbó ya àdúgbò tiwọn sọ́tọ̀, wọ́n sì ní kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó ìwọ̀n yáàdì 440 wà láàárín wọn àti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni àwọn àdúgbò tí à ń pè ní GRA, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, ti ṣẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń rọ àwọn ará àdúgbò pé nígbà tí ìjọba bá pàtẹ àwòrán ètò tuntun kí aráàlú wá wò ó, kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì kọ àtakò wọn sílẹ̀. Díẹ̀ ló ń wá, àwọn tó sì lówó láti yan aṣojú ni ohùn wọn ń dé ibẹ̀.

Ní ti ààrò yín, ìṣòro rẹ̀ ju èéfín lọ. Òru ni wọ́n sábà máa ń yan búrẹ́dì. Mọ́tò tó ń kó ìyẹ̀fun yóò dí òpópónà, àwọn tó ń gbé búrẹ́dì yóò ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́, dísẹ́ẹ̀lì tàbí gáàsì yóò sì wà lábẹ́ yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ṣíṣí ògiri láàárín yàrá méjì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, bí ògiri ọ̀hún bá jẹ́ èyí tó ru àjà òkè. Kí iṣẹ́ dúró lónìí, kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìwé ẹ̀rí wá yẹ ògiri náà wò, kí ó sì fi igi gbé àjà náà ró bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá ìwé ìkìlọ̀ náà lóhùn ní kíkọ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà ní agbègbè yín ohun tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀ yín gan-an, pẹ̀lú ìwé sọ̀fé lọ́wọ́. Bí àyè ìyípadà ìlò bá wà, elétò ìlú tó forúkọ sílẹ̀ yóò bá yín kọ ìwádìí rẹ̀, ayàwòrán ilé yóò ya pílánì tuntun, ẹ ó sì gbé wọn lọ sí LASPPPA. Òfin ka yíyí ìlò ilé padà sí ohun tó ń gbàṣẹ, àní bí ẹ kò tilẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn. Ìwé NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, tí ẹ ó nílò fún búrẹ́dì kò lè dípò rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ààrò tó ń ṣiṣẹ́ lóru kò rọrùn láti gbàṣẹ fún ní òpópónà inú. Òótọ́ ni pé Victoria Island, tí wọ́n ṣètò fún ibùgbé níbẹ̀rẹ̀, ti di ibùdó okòwò, ìjọba sì ti gbà bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló sì fara gbá ọkọ̀ tó ń dí ẹnu géètì wọn. Ẹ ṣírò ohun tí yóò ná yín láti háyà ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì tó ti wà nínú ẹkùn ìṣòwò, kí ẹ gbé ààrò lọ síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìsàlẹ̀ ilé bàbá yín háyà fún ìdílé tó fẹ́ gbé ibẹ̀. Owó háyà náà lè ràn yín lọ́wọ́ láti san ti ṣọ́ọ̀bù.