Ìrònú Ni Ó Ń Jáde Sí Ọ Lára, Kì Í Ṣe Ayé

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan, ẹni ọdún 34, ni ó kọ̀wé sí mi láti Mọ́wé, ó sì fi ‘Ẹni Tí Ara Ń Yún’ ṣe orúkọ. Ó ní iṣẹ́ ìṣirò owó ni òun ń ṣe ní Victoria Island, pé aago mẹ́rin ìdájí ni òun ń jáde nílé, àti pé nígbà mìíràn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti ń lù kí òun tó wọlé. Láti oṣù kẹta tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ni irorẹ́ ńláńlá ti bò ó ní àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti ibi tí apá rẹ̀ ti ń ká sì ń yún un, tí ó ń họ ọ́ títí ó fi ń bó. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já sára òòyà. Aládùúgbò kan sọ fún un pé ayé ni, obìnrin kan tí ó ń ta oògùn lọ́jà sì ta ọ̀rá inú túùbù kan fún un, èyí tí ó ti fi ń pa ojú àti ọrùn láti ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ‘Ìyá wa, ṣé lóòótọ́ ni ìrònú lè jáde sí ènìyàn lára, àbí kí n wá ibòmíràn lọ?’

Ó lè jáde síni lára, ọmọ mi, ìwọ fúnra rẹ ni o sì kọ ẹ̀rí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. O ní nígbà tí o lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún Iléyá, tí o sì dúró wo Ojúde Ọba, yíyún náà rọlẹ̀, o sì ń sùn bí ọmọdé, ṣùgbọ́n o kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tí ó tún fi gbérí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ni ó ń fi ṣe ọ́, mi ò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gba ìsinmi ọdún.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí àyà ènìyàn bá já, yálà nítorí mọ́tò tí ó fẹ́ kọlù ú tàbí nítorí owó ilé ìwé, ara kò mọ ìyàtọ̀. Ohun kékeré kan wà tí ó dé orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan bí fìlà, láti inú rẹ̀ sì ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cortisol ti ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Fún wákàtí kan, oore ni ó ń ṣe fún wa; ṣùgbọ́n tí ó bá di ojoojúmọ́, láti ìdájí dalẹ́, epo ara á máa pọ̀ jù, ihò ara á dí, irorẹ́ á sì yọ. Awọ òkè kò ní lè di omi mú mọ́, yóò gbẹ, yóò sì máa yún, bí o bá sì ti ń họ ọ́ ni yóò túbọ̀ máa yún sí i. Ní ti irun, kì í já lọ́jọ́ tí wàhálà dé. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ó máa ń já. Ka oṣù kẹta sí oṣù kẹfà lórí ìka rẹ. Irú irun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń hù padà tí ara bá ti balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ túùbù yẹn bí mi nínú. Clobetasol tí o dà kọ láti ara páálí rẹ̀ wà lára àwọn tí ó lágbára jù nínú àwọn ọ̀rá oògùn tí ń mú yíyún àti wíwú ara rọlẹ̀ (steroid), kì í ṣe ohun tí à ń fi pa ojú láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara á tutù, ìyẹn gan-an ni ó sì tàn ọ́ jẹ. Lẹ́yìn náà ni awọ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí irorẹ́ tuntun á yọ, tí ojú á sì máa ta ọ́ lọ́jọ́ tí o kò bá fi pa á. Ó tún lè bo làpálàpá mọ́lẹ̀, kí ó máa tàn ká lábẹ́lẹ̀. Gbé túùbù náà àti páálí rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, kí òun fúnra rẹ̀ sọ bí o ṣe máa fi í sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba tí ó wà ní Ṣágámù kò jìnnà sí ọ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò pẹ̀lú, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú irun já. Àwọn àmì dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ yóò pẹ́ díẹ̀ lára awọ dúdú bíi tiwa, ó lè tó oṣù mélòó kan, má sì torí wọn ra ìpara abóra.

Nílé, fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú sílẹ̀ lápá ibi tí ó ń yún. (Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún èyí.) Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o fi wẹ̀, kí o sì fi òrí ra apá àti ọrùn nígbà tí omi kò tíì gbẹ lára, ṣùgbọ́n má fi kan irorẹ́ ojú. Gé èékánná rẹ. Mi ò ní sọ pé kí o máa sinmi, nítorí ta ni ó ń sinmi ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn? Ṣùgbọ́n oorun tí o lè sùn nínú bọ́ọ̀sì, má fi wo fóònù.

Fóònù yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni o fi sọ̀rọ̀ gbèsè: pé o yá owó lọ́wọ́ àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù, pé ọkọ rẹ kò mọ̀, àti pé bí fóònù bá ti dún, ọwọ́ rẹ ti wà lẹ́yìn ọrùn. Ọmọ mi, kò sí ọ̀rá tí ó lè wo èyí. Ọkọ rẹ wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, ìwọ sì ni ó ń sáré padà wá gbé oúnjẹ kaná. Bóyá o ń dá ìtìjú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n mo rò pé ìtìjú náà ń dín kù fún ọkùnrin tí a bá fún ní iṣẹ́ ṣe. Kí ó máa mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, kí ó sì máa se oúnjẹ alẹ́. Bí ọ̀gá rẹ bá jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀, bẹ̀ ẹ́ kí o máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kọ gbogbo gbèsè náà sí ìwé kan, iye tí ó jẹ́ àti ọjọ́ tí ó pé, kí o sì fi síwájú ọkọ rẹ. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, pa fóònù náà, kí o sì gbé e sí yàrá kejì.