Igbó ni, igbó náà ni, igbó ṣì ni

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè pé hex mélòó, ìyẹn ojú onígun mẹ́fà tí wọ́n pín máàpù sí, ló yẹ kí ẹ ti kọ nǹkan sí kí eré aginjù yín (eré orí tábìlì tí ẹnì kan ti ń sọ ohun tó wà lọ́nà, táwọn yòókù sì ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ) tó bẹ̀rẹ̀, àti pé báwo ni hex kan ṣe yẹ kó tóbi tó: ẹ jẹ́ kó jẹ́ máìlì 6, kẹ́ ẹ sì kọ nǹkan sí 19 péré. Èmi kọ 400. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti pẹ́ńsùlù. A pàdé lẹ́ẹ̀marùn-ún, hex 14 ni ẹsẹ̀ àwọn tó ń bá mi ṣeré tẹ̀.

Kì í tiẹ̀ ṣe wàhálà yẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi mí pé kí ló wà ní àríwá. Mo ní igbó. Ìlà-oòrùn ńkọ́? Igbó. Gúúsù? Igbó náà ni. Ni ọ̀kan nínú wọn bá ju dáìsì rẹ̀, ó ní, "Mẹ́rin jáde. Ọ̀nà wo ni mẹ́rin?" Ojú tì mí. Gbogbo ohun tí mo kọ, inú hex ló sá sí. Kò sí èyí tí èèyàn lè rí láti ìta.

Ní báyìí, hex tí kò bá ní ohun tí wọ́n lè rí tàbí gbọ́ láti hex kejì, kò tíì parí lójú tèmi. Èéfín tó ń rú lójú kan náà láràárọ̀. Igún tó ń rà bàbà lókè àpáta. Odò tí omi rẹ̀ ń pupa bọ̀ láti òkè. Ìlà kan fún ohun tó ń hàn, ìlà kan fún ohun tó wà nídìí ẹ̀, ó tán. Hex tí wọ́n ti gbéra, mẹ́fà tó yí i ká, 12 tó yí ìyẹn náà ká: 19 yẹn nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá kọjú sí lẹ ó máa kọ ìyókù sí.

Ní ti máìlì 6, àárín hex sí etí rẹ̀ jẹ́ máìlì 3, ojú ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ríran kọjá ibẹ̀. Ẹni tó ń rin máìlì 24 lójúmọ́ á gba hex 4 kọjá. Tó bá wọ irà, ẹ dá a sí méjì.

Odò, ẹ fà á gba àárín hex kọjá. Orí ìlà tó pààlà hex méjì ni mo fa tèmi sí, a sì ń jiyàn bèbè tí wọ́n wà títí mo fi pa á rẹ́.

Bí ẹ ò bá mọ àwòrán yà, ẹ yá ti ẹlòmíì. Dungeons & Dragons (irú eré yìí náà ni) tó kọ́kọ́ jáde ní 1974 gan-an, pátákó Outdoor Survival, eré ilé-iṣẹ́ Avalon Hill ti 1972, ló ní kí wọ́n fi rin aginjù. Mo ti dorí máàpù kan náà kodò lẹ́ẹ̀mejì, àríwá di gúúsù. Kò sẹ́ni tó fura.