Fífọ́n oògùn nìkan kò lè mú ọkọ̀ ambuláǹsì mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá fífọ́n oògùn apakòkòrò àrùn sínú ọkọ̀ ambuláǹsì tó láti fi múra de aláìsàn mìíràn, àti ìṣẹ́jú mélòó ni ó yẹ kí ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́, kò tó rárá. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń sọ pé ó tó kì í jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti fọ́n oògùn sí, tí wọ́n sì ti buwọ́ lu ìwé pé ó mọ́, ni irin bẹ́líìtì ibùsùn aláìsàn ti ya ìbọ̀wọ́ mi, tí ó sì gé mi ní ìka. Nígbà tí mo yí irin náà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ni mo rí nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti dúdú, ó sì ti le. Kò sí ẹni tó lè sọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B (hepatitis B) lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Nítorí náà ni mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀ fún àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí oorun dá lójú mi, tí mo ń fi abẹ ìfárùngbọ̀n mi pa mọ́ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má baà lò ó, nígbà tí àwọn tó yẹ kí wọ́n dá mi lóhùn ń bi mí bóyá mo kọ orúkọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn fi hàn pé n kò kó o. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yìí kí ẹ tó tún wọ ọkọ̀. Bí nǹkan bá gé yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ jáde, kí ẹ sì rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí máa ń pa agbára bílíìṣì, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò àrùn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ún kúrò, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ po bílíìṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 9, fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, kí ojú ibẹ̀ sì tutù fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Ẹ má gbàgbé abẹ́ fóòmù ibùsùn, ọwọ́ ilẹ̀kùn, aṣọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti rédíò tí awakọ̀ ń fi ìbọ̀wọ́ dì mú. Ẹ fi omi ṣan irin, nítorí bílíìṣì ń jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn láé, nítorí pé èéfín tó lè jáde nínú àyè tóóró bẹ́ẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ títí ẹ ó fi parí.