"Gbogbo wa la ní ṣíà níbẹ̀"

Ìbéèrè: Ọ̀gá akáǹtà, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mò ń tà l'Ájàṣẹ́-Ìpo. Ẹnì kan tó fẹ́ dupò gómìnà wá bá ẹgbẹ́ wa nípàdé. Ó ní bíi kọ́ńpìnnì lòun máa ṣe darí Kwara, pé gbogbo wa la ní ṣíà, ìyẹn ìpín, níbẹ̀, èrè wa ń bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní òun ṣì ń padà bọ̀. Kí ni kí n bi í?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láyé 1970 sí 1980, "Japan Inc.", ìyẹn Kọ́ńpìnnì Japan, làwọn ará Amẹ́ríkà ń pe orílẹ̀-èdè Japan, nítorí ìjọba ibẹ̀ àtàwọn iléeṣẹ́ ńlá ń fọwọ́ wẹ ọwọ́. Wọ́n ń yìn wọ́n, wọ́n sì ń fura sí wọn. Àwa náà ní "Nigeria Plc" tiwa, èrè ìjọba tiwa-n-tiwa sì rèé, láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀.

Ìwé owó kọ́ńpìnnì ni mò ń yẹ̀ wò n'Ílọrin, iye ṣíà tí oníkálukú ní ni mo sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹni tí ṣíà rẹ̀ pọ̀ jù lohùn rẹ̀ ń ròkè jù. Nínú ìlú ńkọ́? Alágbàṣe, ìbò kan; olówó, ìbò kan. Ẹni tó ní ṣíà lè tà á kó bá tirẹ̀ lọ, ta ni ẹ máa ta Kwara fún? Kódà NNPC, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, tó ti ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́ńpìnnì láti 2022, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló di ṣíà rẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni ò ní pè yín sípàdé ọdọọdún rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí: ẹ̀ka tí kò bá mówó wọlé, kọ́ńpìnnì á tì í pa. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré ní Òkè-Ẹ̀rọ́, títì tó wọ àwọn abúlé Ìsin, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ jèrè? Abala 14 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ààbò àti ìgbáyé-gbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ẹ bi í pé èwo ló máa kọ́kọ́ tì. Bó bá fẹ́ fẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, ẹ tún un bi.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wúlò. Kọ́ńpìnnì gidi a máa jẹ́ kí ẹni ìta yẹ ìwé owó òun wò, á sì gbé e síwájú àwọn tó ni ín. Ìpínlẹ̀ náà ní ọ̀dítọ̀ àgbà, ẹni tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò. Abala 125 nínú ìwé òfin yẹn fún un ní 90 ọjọ́, láti ọjọ́ tí ìwé owó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. (Gómìnà ló ń yàn án o, bí ilé bá fọwọ́ sí i.) Ẹ bi í bóyá ará ìlú máa rí àbọ̀ náà kà lọ́dọọdún, àti ohun tó máa ṣe fẹ́ni tí àbọ̀ náà bá dárúkọ. Kí akọ̀wé yín kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì buwọ́ lù ú kó tó kúrò níbẹ̀.