Ọwọ́ Ta Ni Ọmọ Wà? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ìparí Ọdún Ẹ̀kọ́

Sáà kẹta ti ń parí lọ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìbàdàn, ìwé tí àwọn òbí sì kọ sí wa lóṣù yìí kò jìnnà síra wọn rárá. A ti yan márùn-ún nínú wọn. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kúrú; bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ṣe wúwo tó ni a ṣe dúró tì í tó.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé aládàáni kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí sáà kejì, aago méjìlá ni wọ́n tú àwọn ọmọ sílẹ̀, èmi sì dé ní aago méjì bí mo ṣe máa ń ṣe. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, n kò rí ọmọ, tíṣà rẹ̀ sì ní òun rò pé mo ti wá mú un. Aládùúgbò wa kan ló ti mú un lọ sílé, kò sì sí owó lórí fóònù rẹ̀ láti fi pè mí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí ni kí n bá ilé-ìwé sọ kí irú rẹ̀ má wáyé mọ́ ní ìparí ọdún yìí? — *Ìyá ọlọ́mọ méjì, Àpẹ̀tẹ̀*

Ìdáhùn: A bá yín dúpẹ́ o, ìyá wa. Ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ kíyè sí ni pé kò sí ẹni ibi kankan nínú ohun tí ẹ sọ yìí. Aládùúgbò yín fẹ́ ṣe oore, olùkọ́ sọ ohun tó rò, ẹ̀yin náà sì dé ní àsìkò tí ẹ máa ń dé. Síbẹ̀, fún odidi wákàtí méjì, nínú ẹ̀yin àti ilé-ìwé, kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ọwọ́ báyìí ni ọmọ wà. Ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ lásán, aago tí wọ́n ń jáde kì í yí padà, ẹni tó ń wá mú ọmọ kì í yí padà, bàbá ẹnu géètì sì ti mọ ojú oníkálukú. Ní ọjọ́ ìparí sáà, ijó ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ń pín èsì ìdánwò, àwọn òbí ń wọlé wọ́n ń jáde, àwọn tó ń ta bisikíìtì àti bàlúùnù ti dí ẹnu ọ̀nà, kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti mọ ọmọ ta ló ń bá ta lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n parí. Ẹ béèrè aago tí wọn yóò tú àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn gan-an. Ẹ fi orúkọ, àwòrán àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì péré tó lè mú ọmọ dípò yín ránṣẹ́. Kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí olùkọ́ fa ọmọ lé ẹni náà lọ́wọ́ nínú kíláàsì, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí ìwé, dípò kí àwọn ọmọ máa tú yàà sí ẹnu géètì. Orí tákàdá ni kí ọ̀rọ̀ náà wà, kì í ṣe lórí WhatsApp nìkan, torí pé ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sáàárín ìkíni àti àdúrà òwúrọ̀ gbogbo òbí kì í pẹ́ sọnù. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé àwọn mọ gbogbo òbí àwọn, ẹ rọra rán wọn létí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ilé-ìwé tó mọ gbogbo òbí náà ni aládùúgbò yín ti mú ọmọ jáde láìsí ẹni tó bi í léèrè.

Ó ku ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ kíláàsì kejì ti tó ẹni tó yẹ kó mọ orúkọ òbí rẹ̀ pérépéré. Ẹnu máa ń yà wá bí a bá rí ọmọ ọdún méje tí kò mọ̀ ju ‘Mọ́mì’ àti ‘Dádì’ lọ. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín ṣe orin fún un, kó máa kọ ọ́ bó bá ń wẹ̀. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin àti òun nìkan mọ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀yin lẹ rán òun wá gbọ́dọ̀ sọ kí ọmọ tó tẹ̀ lé e. Kó má ṣe jẹ́ oríkì rẹ̀, nítorí gbogbo àdúgbò ló ń fi kì í láàárọ̀. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ti ọ̀wọ̀. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé bí àgbàlagbà bá pè wọ́n, kí wọ́n jẹ́. Bí ó bá rán wọn níṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ẹni ibi máa ń lò láti fi mú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí bàbá rẹ̀ náà tún un sọ, pé nínú ọ̀rọ̀ ká tẹ̀ lé ènìyàn jáde ní ilé-ìwé, kò sí àrífín nínú pé kó kúnlẹ̀, kó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ mà, mọ́mì mi ní kí n dúró de àwọn.’ Ẹ jọ máa fi ṣeré nílé títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Aládùúgbò yín náà yẹ fún ọpẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé nígbà mìíràn, kó kọ́kọ́ yá fóònù olùkọ́ pè yín kó tó gbé ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ọlidé ti ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn olóṣèlú sì ti ń kéde àríyá ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé, pé oúnjẹ, ìwé àti báàgì ilé-ìwé wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí á mú àwọn ọmọ lọ, pé kò yẹ kí á fi ohun ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lásìkò tí nǹkan le báyìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí ti Baṣọ̀run ti ṣẹlẹ̀. Ṣé ìbẹ̀rù mi ti pọ̀ jù ni? — *Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ọ̀jọ́ọ̀*

Ìdáhùn: Kò pọ̀ jù, bàbá. Nítorí àwọn òǹkàwé wa tí kò gbé Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ìparí ọdún ní ọgbà ilé-ìwé kan ní Baṣọ̀run. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà bámúbámú kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n sì ya lu ara wọn. Ọmọdé 35 ló kú. A kò fara mọ́ àwọn tó ń bú àwọn ìyá tó gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Àìní, àti ìfẹ́ pé kí inú ọmọ dùn, ló gbé wọn dìde nílé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá ló máa ń tẹ ènìyàn pa nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn tó wà níwájú kò rí ibi kọjá. Àyà àwọn tó há sí àárín yóò wá fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè gbòòrò láti fa èémí, ènìyàn sì lè kú lórí ìdúró láìṣubú rárá. Ọmọdé ni èyí máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí egungun àyà rẹ̀ kò tíì le, orí rẹ̀ kò sì ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ.

Kí ẹ tó mú ọmọ lọ síbikíbi, ẹ wádìí bóyá wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, bóyá iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà ní òǹkà, àti bóyá géètì tí wọ́n ń gbà wọlé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà jáde. Níbi tí wọ́n bá ti kéde lórí rédíò pé kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn máa bọ̀, tí ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ jókòó sílé yín. Ẹ má sì ṣe rán àwọn kékeré pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn ọmọ ọdún mọ́kànlá pé òun ni yóò máa mójú tó wọn; òun náà nílò ẹni tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ẹ bá wà nínú èrò, tí èjìká yín ti ń kan ti ẹlòmíràn lọ́tùn-ún lósì, tí ó sì ti ń ṣòro láti gbé ọwọ́ sókè, àsìkò ti tó láti kúrò, kódà bí ó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé ìdí ẹ̀bùn. Ẹ gbé ọmọ kékeré lé èjìká dípò kí ẹ pọ̀n ọ́n, nítorí ẹni tó pọn ọmọ kò rí ojú rẹ̀. Ẹ fi apá ṣe ààbò fún àyà, ẹ má ṣe bá èrò tó ń tì yín jìjàkadì; bí títì náà bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ máa yà sí ẹ̀gbẹ́.

Ìyàwó yín náà kò sọ̀rọ̀ burúkú. Ẹ pe ilé méjì mẹ́ta ládùúgbò, kí ẹ dá owó díẹ̀ jọ, kí ẹ se ìrẹsì sí ọgbà yín. Àríyá tí ogún ọmọ péjọ sí máa ń dùn gan-an.

Ìbéèrè: Ọmọ ọmọ mi mẹ́rin ń bọ̀ láti Èkó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Ilé àtijọ́ ni ilé wa, kànga wà láàárín ọgbà, odò kò sì jìnnà sí wa. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Kí ni kí n tún ṣe kí wọ́n tó dé? — *Ìyá àgbà kan, Ògùnpa*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kànga ni kí á kọ́kọ́ mú. Pákó tí wọ́n fi dé e kò tó, nítorí ọmọdé yóò gun orí rẹ̀ láti wo omi. Kí àwọn ọmọ yín bá yín ṣe ìdérí onírin tó ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní etí ìró yín, kó má ṣe wà lórí ìṣó. Kí wọ́n yẹ orí sókàwéè wò pẹ̀lú. Bí kọnkéré rẹ̀ bá ti sán, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ọmọ yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ti odò, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ògùnpa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn Omíyalé fún yín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkó yẹn kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ni Ògùnpa kún bo ìlú tó sì gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ni òmíràn tún ṣẹlẹ̀ tó wó afárá tó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ẹ wò ó pé ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì, nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù náà, àwọn ènìyàn a rò pé ó ti tán, wọn a da ilẹ̀ sí gọ́tà, òjò a sì padà dé lójijì. Kí òfin ilé yín jẹ́ pé bí òjò bá ti ń rọ̀, a kì í rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ kì í sì í fo gọ́tà. Sálúbàtà tí àgbàrá bá gbé lọ, kí ó máa lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti sá tẹ̀ lé bàtà bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ṣàn, tí kò ju orúnkún àgbàlagbà lọ, lè gbé ọmọdé. Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, nọ́ńbà 615 ni ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 112 sì ni ti gbogbo Nàìjíríà; ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ méjèèjì gàdàgbà sára ògiri.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí karosíìnì tàbí oògùn eku wà nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu karosíìnì, ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì, nítorí bó bá ń bì í ni yóò gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tí yóò sì bà á jẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá, tòun ti ìgò náà. Níwọ̀n bí ojú yín kò sì ti ríran dáadáa, ẹ sọ fún àwọn òbí wọn pé ẹ fẹ́ àgbàlagbà kan sí i nílé. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè.

Ìbéèrè: Ata ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà. Wọ́n ní kí n fi àwọn ọmọ mi sí lẹ́sìn ọlidé, n kò sì ní owó rẹ̀. Ṣé ó burú bí wọ́n bá ń bá mi kiri ọjà? — *Ìyá aláta, Bódìjà*

Ìdáhùn: Kí ọmọ jókòó tì yín ní ìsọ̀, kó bá yín ka ṣéńjì, kò burú, ìṣirò sì nìyẹn. Kí ó gbé igbá kiri láàárín ọkọ̀ burú, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì lòdì sí i. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Bí ọmọ bá ti yà kúrò ní ìsọ̀ yín pẹ̀lú igbá lórí, ẹ kò mọ ọwọ́ tó wà mọ́. Lẹ́sìn ọlidé kò pọn dandan, ohunkóhun tí ilé-ìwé ìbáà wí. Kí ẹ̀gbọ́n máa ka ìwé sí àbúrò létí lójoojúmọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, kí wọ́n sì sùn dáadáa.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń jáde ní kíláàsì kẹfà. Àwọn ìwé wo ló yẹ kí n gbà kí ilé-ìwé tó tì? — *Bàbá kan, Àkóbọ̀*

Ìdáhùn: Èsì ìdánwò sáà kẹta, ìwé ẹ̀rí ìjáde tí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí, àti ohunkóhun tó bá jẹ́ tiyín tó wà nínú fáìlì wọn. Ẹ gbà wọ́n báyìí, nítorí ọ́fíìsì máa ń ṣófo nínú ọlidé. Kí ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn wà nílẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ọmọ níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sórí gbogbo ìwé yòókù, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè. Láti oṣù kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín máa dá wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé tuntun. Ẹ bá a rin ọ̀nà náà nínú ọlidé, ní àárọ̀ tí ọkọ̀ pọ̀, kí ẹ fi ibi tí yóò ti máa sọdá hàn án. Nígbà tó bá yá, ẹ jókòó sẹ́yìn takisí Micra náà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún dírẹ́bà ibi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀, kó gba ṣéńjì rẹ̀ kó tó sọ̀, kó sì gba ilẹ̀kùn tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ títì jáde.