Èsì: Ṣé èésan lè rọ́pò gíránáìtì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ní èésan (èèpo líle ara èkùrọ́) ti ga bí òkìtì lẹ́yìn ibi tí ìyá yín ti ń fọ́ èkùrọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ṣé ẹ lè fi rọ́pò gíránáìtì nínú kọnkéré. Ẹ lè lò ó, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. (Ẹ̀yin tí Olósùnta, àpáta ńlá Ìkẹ́rẹ́, ń wò láti òkè, ẹ tún ń wá ohun tí yóò rọ́pò òkúta!)

Kọnkéré gíránáìtì ń wọ̀n bíi kílò 2,400 ní mítà kúbíìkì kan. Ti èésan fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń wà láàárín kílò 1,700 sí 1,900.

Òróró àti omi ni wàhálà rẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa èésan tuntun wò, ó ń yọ̀. Sìmẹ́ńtì kò ní dì mọ́ ọn. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án kí ọṣẹ tán. Ẹ wá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó pò ó. Bí ó bá gbẹ táútáú, òun ni yóò fa omi sìmẹ́ńtì mu. Èmi kò fọ̀ ọ́, n kò rẹ ẹ́, nígbà tí mo fi ṣe ilẹ̀ ilé adìẹ mi l'Ádó. Kò pé oṣù méjì, bí mo bá ti ń gbálẹ̀ ni èésan ń tú bọ́ sẹ́nu ìgbálẹ̀.

Ilẹ̀ ilé ìdáná, ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, bulọ́ọ̀kù tí kò gbẹ́rù: kò burú. Dẹ́kìn àti òpó ńkọ́? Rárá o, àfi bí ẹnjiníà bá fọ́ kúùbù rẹ̀ (kọnkéré kékeré tí a dà láti fi dán agbára rẹ̀ wò) lọ́jọ́ 28, tí ó sì yege. Kọnkéré èésan sì máa ń jẹ sìmẹ́ńtì ju ti gíránáìtì lọ, ẹ fi ìyẹn sínú ìṣírò yín.