Èsì: Kí ló dé tí àwọn ará ọjà fi kẹ̀yìn sí wa?

Àbúrò, o ní ẹ dáná sun táyà lójú ọ̀nà Kétu nítorí omi ẹ̀rọ, àwọn ará ọjà sì kẹ̀yìn sí yín. Àwọn tí ẹ dá dúró gan-an ni kò lómi nílé! Ìyá tó ru agbọ̀n tòmátì nínú oòrùn kò rí ọ̀rọ̀ omi mọ́, ẹni tó fẹ́ ba ọjà òun jẹ́ ló rí. Ọ̀gá tó yẹ kó gbọ́ wà ní ọ́fíìsì, abẹ fáànù ló jókòó sí.

Ní oṣù kẹwàá 2019, àwọn Extinction Rebellion, ẹgbẹ́ tó ń jà nítorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, gun orí ọkọ̀ ojú irin ní Canning Town, ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárọ̀ tí èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn èrò ló fà wọ́n lulẹ̀ fúnra wọn. Iná mànàmáná ni ọkọ̀ ọ̀hún sì ń lò o, kì í ṣe epo. Ìjà ni gbogbo ayé wò, kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n bá wá.

N kò ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ kó bídọ̀ òfìfo lọ síwájú mẹ́rì, kí àwọn ìyálọ́jà ṣíwájú. Ẹ fọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn zémìjàn, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ni yóò gbé ìròyìn yín dé abúlé.